Orúkọ Ilé Kì í Gorí Ìtàgé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá kí mi nílé wa, lẹ́yìn Ibo Road. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì ni. Ó kọ́kọ́ kí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wá rántí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìyẹn kó tó jáde nílé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ní tíátà lòun máa ṣe. Wọ́n wá ní kó lọ bi Màmá Dúpẹ́ léèrè, torí èmi ni àgbà òṣèré tó kù ní Sabon Gari ní Kánò tí kò tíì kó padà sílé.

Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé kí ló rí nínú ara rẹ̀ tó fi rò pé iṣẹ́ náà tọ́ sí òun.

Ó ní, "Mà, mo mọ ẹkún ún sun. Bí ẹ bá ní kí n sunkún báyìí, omi á jáde lójú mi kí ẹ tó ka ẹẹ́wàá. Mo kàn máa ń rántí màmá mi àgbà tó kú ni."

Ife omi ló wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Má sun ún." Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ọmọ náà sì wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò rẹ̀, tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ ṣe tíátà tàbí kí ẹ má ṣe é, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó bọ́ mi, ó sọ mí dèèyàn láwùjọ. Ó tún gba orúkọ ọkọ mi kúrò lẹ́nu mi nígbà tí ọkọ mi ṣì wà láàyè. Bó ṣe gbà á ni mo fẹ́ sọ.

Ará Ìkìrun ni bàbá mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Kánò, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí wa sí. Ìyá wa á sọ Yorùbá sí wa, àwa á fi Hausa dá a lóhùn. Bí a bá fẹ́ jà, a ó bọ́ sí pijin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Mo gbọ́ gbogbo èdè, kò sì sí èyí tó dá mi lójú.

Ọ̀gá mi ni Alàgbà Fọlárìn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó gbẹ bí igi ìrókò tí iná jó. Eré ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré kiri gbogbo ìlú òkè Ọya níbi tí Yorùbá bá pọ̀ sí. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kọ́ wa, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àdán ló kún àjà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí wọlé àti iye tí wọ́n ń san kò tó nǹkan tí ń gba ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Alàgbà gbé bẹ́ǹṣì kan sí àárín ilé, ó fi aṣọ bò ó. Ó ní, "Ọkọ rẹ nìyí. Ó kú láàárọ̀ yìí. Sunkún rẹ̀."

Mo ju ara mi sílẹ̀, mo ká ọwọ́ lérí, mo sì ké ohun tí mo ti ń gbọ́ ládùúgbò láti kékeré: "Wayyo Allah na! Wayyo!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì mí.

"Ọmọ ibo ni ọkọ rẹ?"

"Yorùbá ni, sà."

"Ọkọ Yorùbá, ẹkún Hausa. Bó bá jí nínú pósí, ṣé kò ní í rò pé aládùúgbò ló kú?"

Láti ọjọ́ yẹn, òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ Hausa kan nínú kíláàsì á lọ pọn garawa omi kan. Kò burú ká sọ Hausa o. Òun gan-an a máa fi Hausa ná ẹran lọ́jà bí ọmọ onílẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ẹnu wa mọ ibi tó wà ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù ìjọ. Bí mo bá ní "to" níbi tó yẹ kí n sọ pé "ó dáa", a máa nawọ́ sí garawa láì sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kan nínú wa fi Róòbù pa abẹ́ ojú rẹ̀ kí omi lè jáde. Alàgbà sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ojú rẹ ló ń sunkún, ìwọ kọ́. Máa lọ sílé, kí ojú rẹ máa bọ̀ lọ́la." Ọmọ náà kò padà wá.

Ṣùgbọ́n ohun tó fi yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀gá tí mo tún bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ kan. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, èèpo rẹ̀ ti gbó. Orúkọ òkú ló wà nínú rẹ̀, òkú tí kò gbé ayé rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn sílẹ̀. Bó bá fẹ́ kọ́ ẹnì kan ní ẹkún, a yan orúkọ kan fún un nínú ìwé náà, a sì kọ́kọ́ wádìí nínú ìjọ àti lọ́dọ̀ lẹ́mọ́mù tó wà lópòópónà kejì pé kò sí alààyè kankan tó ń jẹ́ ẹ. Orúkọ tó fún mi ni Lájùwọ̀n. Télọ̀ ni Lájùwọ̀n. Ó fẹ́ràn ẹ̀pà sísun. Ó máa ń súfèé bó bá ń ránṣọ. Ikọ́ ló pa á. Mo kọ́ gbogbo èyí sórí bí ẹni kọ́ kátíkísìmù, mo sì jókòó ti bẹ́ǹṣì yẹn fún oṣù mẹ́ta, mò ń pè é, títí ọjọ́ kan tí mo pe Lájùwọ̀n tí mi ò rí bẹ́ǹṣì mọ́. Mo rí télọ̀ tó sùn. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn lé àdán kúrò lájà.

Mo bi Alàgbà lọ́jọ́ kan pé, "Sà, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n pe ẹni tí mo mọ̀? Á rọrùn."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó rọrùn. Ibi tó ti burú nìyẹn. Ẹkún ẹni tó ṣe pàtàkì sí ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà. Bí o bá ti sun ún fún òǹwòran, kí lo máa sun fún un bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé? Orúkọ ilé kì í gorí ìtàgé."

Mo ní ó dáa, sà. Nínú ọkàn mi, mo ní àwọn àgbà àti èèwọ̀ wọn.

Lákòókò yẹn ni mo pàdé Làmídì, ọmọ Ọ̀fà, tó ń ta mílíìkì àti ọṣẹ ní ọjà Singer. Mùsùlùmí ni, Kristẹni ni mí, ọ̀rọ̀ ìyẹn ta sókè díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa méjèèjì, ó sì rọlẹ̀. Iṣẹ́ mi ló tún ká wọn lára ju ẹ̀sìn mi lọ. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ bi í pé, "Iṣẹ́ wo lọmọ náà ń ṣe?" Làmídì ní, "Ó máa ń sunkún, Ìyá." Ìyá ní, "Ta ló kú?"

Ìyá wá fẹ́ràn mi nígbẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sun ilé wọn ní Ọ̀fà, òun ló pè mí sídìí kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tó kọ́ mi bí mo ṣe máa kí ọmọ òun láàárọ̀: "Àlàó, ọmọ onílé etí kànga." Ní Singer, Lamidi mai madara ni wọ́n ń pè é, Làmídì onímílíìkì. Ládùúgbò, Àlùhájì ni. Èèyàn mẹ́ta péré ló ń pè é ní Àlàó láyé yìí: Ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Sàlámátù, àti èmi. Bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ tí mi ò ní í rí gbà.

Ó mọ̀ nípa Lájùwọ̀n. Ó sọ ọ́ di àwàdà ilé. Bí mo bá ti ìdánrawò dé tí ojú mi wú, á ní, "Orogún mi ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ò tíì lọ?" Bó bá ra ẹ̀pà bọ̀, á ya díẹ̀ sọ́tọ̀, á ní ti Lájùwọ̀n ni.

Ẹ má rò pé ìtàgé ni òṣèré ń gbé ní gbogbo ọjọ́. Láàárọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Singer, mò ń to páálí. Láago mẹ́rin, mo wà ní kíláàsì, lákọ̀ọ́kọ́ bí ọmọ iṣẹ́, nígbà tó yá bí olùkọ́, torí nígbà tí Alàgbà kú, èmi ni wọ́n fi ìwé orúkọ náà lé lọ́wọ́. Láàárín méjèèjì ni ọ́díṣọ̀n. Ọ́díṣọ̀n yìí, ìjókòó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, wọn á lẹ nọ́ńbà mọ́ yín láyà bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà, ebi á máa pa yín, ẹ ò sì ní í lè jẹun kí ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn sójú má baà bàjẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ ó wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. "A máa pè yín, Màmá." Wọn ò ní í pè yín.

Irinṣẹ́ náà sì ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ bí o ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà èjìká dé, tí ọkùnrin kan ń gbé bí àpò ìrẹsì, tí a sì ní láti pa jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú fíìmù. Ìyẹn kọ́ wa láti rẹ ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù. Fóònù yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Ìtàgé ní aṣọ títa. Bí wọ́n bá fà á, gbogbo ayé mọ̀ pé eré parí. Fóònù kò ní aṣọ títa.

Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí kẹ́yìn. Mo gbọ́ pé dárẹ́kítọ̀ kan ti Èkó wá, ó ń wá ìyá àgbàlagbà tí yóò ṣe opó. Òun ni ẹ̀dá ìtàn gan-an, kì í ṣe ìyá tó ń gbé omi fún àlejò. Ó wù mí débi pé mi ò lè sùn dáadáa. Mo ronú pé bí mo bá tún pàdánù èyí, ó ti parí nìyẹn.

Mo débẹ̀ láago mẹ́wàá. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa fóònù wa. Ó ti kọjá aago méjì kí wọ́n tó pè mí. Dárẹ́kítọ̀ náà kò ju Dúpẹ́ ọmọ mi lọ, ó dáa lọ́mọ, ó dìde kí mi. Ọmọbìnrin kan ló di fóònù mú lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn ni kámẹ́rà wọn.

Mo sun Lájùwọ̀n. Mo sun ún dáadáa.

Ó gbọ́ ọ tán, ó fi bírò gbá eyín rẹ̀. "Màmá, ẹ mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n tíátà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lájùwọ̀n yẹn, ó dún bí orúkọ inú ìwé. Mi ò gbà á gbọ́."

"Inú ìwé ló ti jáde lóòótọ́," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ lọ́kọ nílé?"

"Mo ní."

"Ẹ ṣe é bí ẹni pé òun ni. Ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní í purọ́ pé mi ò rántí òfin. Mo rántí rẹ̀. Mo rí Alàgbà bó ṣe bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo sì tún rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tó jókòó síbẹ̀, tí wọ́n kéré sí mi. Mo la ẹnu. Mo ní, "Àlàó, ọmọ onílé etí kànga, o ò sì dágbére fún mi. O ní ò ń lọ, ò ń bọ̀. Àlàó, ta ló máa pè mí nínú ilé yìí?"

Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọbìnrin tó di fóònù mú ń nu ojú rẹ̀. Dárẹ́kítọ̀ dìde dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé bí ẹni tó ń fò. Mo sọ fún Làmídì pé wọ́n mú mi. Ó ní, "Lájùwọ̀n ti ṣe é nìyẹn. Màá ra ẹ̀pà fún un." Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe Lájùwọ̀n. Fóònù mi ṣì wà nínú àpò, ní pípa, bí dárẹ́kítọ̀ ṣe ní kí a pa á. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí tàn án. Ti Làmídì sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá to ó pọ̀ lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Ọmọbìnrin yẹn fi ẹkún mi sórí wọ́sáàpù rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i. Kò fi ibi ṣe é. Ó wú u lórí ni. Ẹnì kan gbà á, ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹnì kan gé iwájú rẹ̀ kúrò, níbi tí dárẹ́kítọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, ó ti dé Ọ̀fà. Ọmọ ọmọ Ìyá kan tẹ̀ ẹ́ nínú àgbàlá, ó ń wò ó láì mọ̀ pé èmi ni. Ìyá jókòó sídìí kànga, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Kò rí fóònù. Ohùn ló gbọ́. Ó gbọ́ ohùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánò, tó ń fi orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ sunkún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n pè wá títí. Fóònù méjèèjì ò lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, Làmídì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń jẹ kósé, àkàrà tí àwọn obìnrin Hausa ń dín ní ìkóríta wa. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ kókó rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù ló sọ̀ kalẹ̀, òun àti àbúrò wọn ọkùnrin. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ láti Ọ̀fà láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó so gèlè mọ́ ìdí, ó gbé báàgì kan tí aṣọ funfun yọ jáde nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Làmídì ní, ó dìde. "Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo yọjú. Ẹ̀gbọ́n dúró sójú kan, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń jẹ, Làmídì?"

"Kósé ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ra tiyín."

Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù jókòó sórí pákó tó bo gọ́tà, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ilẹ̀ lè máà gbà á. Ó yíjú sí àbúrò wọn. "Ó ń jẹ kósé," ó ní. "Ó ní òun máa ra tèmi."

Àbúrò ọkọ mi sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan èjìká Làmídì, ó tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Làmídì ní, "Kí ló ṣe yín?" Ni Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn mi sì jáde síta láàárọ̀ kùtùkùtù, lójú pópó, níṣojú oníkósé: Àlàó, ọmọ onílé etí kànga.

Làmídì gbọ́ ọ títí dé ìparí. Kósé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi, kò bínú. Mi ò rí irú ojú yẹn rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò sì tún rí i mọ́.

Ó ní, "Lájùwọ̀n ńkọ́?"

 

Lẹ́yìn náà ló bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Ìyá ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ funfun náà padà sínú báàgì, ó ká a, ó tún un ká, kó tó dáhùn. Ó ní Ìyá ṣubú sídìí kànga. Ó ní ó wà láàyè. Ó ní ẹnu rẹ̀ ti yí.

A dé Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti gbé Ìyá ti ọsibítù bọ̀, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì nínú pálọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ yí sápá kan, ọ̀rọ̀ sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí omi inú kànga tó gbẹ. Làmídì kúnlẹ̀ tì í. Ìyá fi ọwọ́ òsì pa á lójú, ní imú, ní etí, bí ẹni ń ra àgbò. Ó pẹ́.

Ó ní, "Àlàó ti kú. Wọ́n ti sunkún rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹni tó wà níwájú mi yìí, mo jà kí n tó ní in ni. Àjàní ni. Kí ẹnikẹ́ni má tún pe ti tẹ́lẹ̀ sí i, kí ikú má baà rò pé a ń rán òun létí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Àjàní, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ nílé, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Ìgbà mìíràn, a máa bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló wọlé.

Mo jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá lọ́jọ́ yẹn, mò ń retí èébú. Bó bá bú mi, ì bá ṣànfààní fún mi. Ohun tó bi mí, tí mo ní láti tẹ̀ sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́, ni pé, "Ìyàwó, ṣé wọ́n gbà ọ́?"

Mo ní, "Wọ́n gbà mí, Ìyá."

"Lọ ṣe é," ó ní. "Kó má baà jẹ́ lásán."

Mo lọ ṣe é. Lájùwọ̀n ni mo sun níbẹ̀. Dárẹ́kítọ̀ ní kò rí bíi ti ọjọ́sí, mo ní bó ṣe máa rí nìyẹn. Fíìmù náà jáde, àwọn èèyàn yìn mí, mi ò wò ó rí. Òjò méjì péré ni Ìyá tún rí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ fún àwọn tó ń pè mí pé mi ò sunkún mọ́. Ìyá tó ń bá ìyàwó jà ni mò ń ṣe, àti arúgbó tó ń ta èkùrọ́. Nígbà tó yá, eékún mi kò gbà mọ́, mo fẹ̀yìn tì.

Ọmọbìnrin tó wá kí mi gbọ́ gbogbo èyí. Mi ò sọ fún un pé kó má ṣe tíátà. Iṣẹ́ gidi ni. Mo gbé ìwé orúkọ Alàgbà jáde, mo ní kó yan òkú tirẹ̀ níbẹ̀, kó fi ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ kó sinmi. Ó ń ṣí ìwé náà jẹ́jẹ́. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

"Mà, nígbà tí Àlùhájì wá kú lóòótọ́, orúkọ wo lẹ fi sunkún?"

Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà.

Èṣí ni. Ó kírun àṣùbáà tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe, ó ní kí n bá òun mú omi wá. Mo mú omi dé, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ife ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró, mò ń wò ó, mo ń retí kí nǹkan kan jáde lẹ́nu mi. Mo ní "Àjàní." Orúkọ náà kò gbé nǹkan kan. Èkejì ńkọ́? Wọ́n ti ní kí n má pè é, mo sì ti ná an sí Airport Road. Ilé kún. Àwọn obìnrin ń wò mí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wò ó, òun tó ń sunkún nínú fíìmù."

Kò ju ọ̀sán lọ tí wọ́n máa sin ín. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe Ọ̀fà, èmi ló sì tọ́ sí. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́: Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù á ní, "Ìyàwó, eré wo tún ni?" Ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ti lọ. Láàárọ̀ yìí."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń fetí sí ògiri.

Ó ní, "O ò sunkún."

Mo ní, "Kò wá, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Á jẹ́ pé òótọ́ ni."

Ó sì ké láti Ọ̀fà lọ́hùn-ún, nínú fóònù, lórúkọ tí wọ́n ti kà léèwọ̀: "Àlàó. Àlàó, ọmọ onílé etí kànga." Ó pè é bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Ẹnu mi là. Ohun tó jáde kì í ṣe Lájùwọ̀n, kì í ṣe Àlàó, kì í ṣe Àjàní. Ohun tí Alàgbà Fọlárìn fi garawa omi lé kúrò lẹ́nu mi ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn ló jáde. Mo jókòó sílẹ̀ tì í lẹ́bàá bẹ́ǹṣì, mo ká ọwọ́ lérí, mo ní, "Wayyo Allah na. Wayyo. Wayyo."